Obìnrin Tó Ń Kàwé Lẹ́yìn Fèrèsé

Ìyá Ó-Ku-Díẹ̀ kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé onílé. Òtútù àyà ló pa á. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun náà ló sì gbé ìròyìn ikú lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, níbi tí ìyá rẹ̀ ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ayé rẹ̀. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì ṣí ìwé orúkọ òṣìṣẹ́, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní òun ò rí i. Ọmọ náà ní kó wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ó wo ibẹ̀, ó sì rí i: alágbàfọ̀, ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́jọ. Ó ní kí Ọlọ́run tù wọ́n nínú, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kì í kéde ikú alágbàfọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó pa ìwé dé, ó pe ẹni tó kàn.

Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan? Alágbàfọ̀. Wọn ò purọ́ o. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn náà, tí ọṣẹ fi jẹ ọwọ́ rẹ̀ débi pé èékánná méjì ò hù dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi aláìsàn èyíkéyìí níbẹ̀ bóyá ó mọ alágbàfọ̀ kankan. Ìyá Ó-Ku-Díẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ló fi ka ìwé ìtàn sí wọn létí, ní gbogbo Ọjọ́rú, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: ọdún mọ́kànlá nígbà tó ṣì ń fọṣọ, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó yàn án sí i, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ju èèṣì lọ. Ó gbé aṣọ ibùsùn wá sí wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ló bá fìdí lé àga kan, ó yọ ìwé ìtàn tó ń kà látinú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan tó ti ń wo ògiri láti bí oṣù méjì ní kó kà á síta. Ó kà á síta. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, èèyàn mẹ́fà ti dúró tì í. Ló bá rántí pé aṣọ wà lórí okùn tí òun ò tíì ká, ó pa ìwé dé. Wọ́n ní ìtàn ò tíì parí. Ó ní ó ku díẹ̀, ó di Ọjọ́rú. Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn.

Èèṣì yẹn ló wá sọ di ọgbọ́n. Ó máa ń ka ìwé náà ṣáájú nílé, á wá ibi tó dùn jù, á fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tín-ínrín sí i, ibẹ̀ ló sì máa dúró sí. Bí olè bá ti gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn, ó parí nìyẹn. Bí ìyàwó bá ní òun fẹ́ sọ òótọ́ kan fún ọkọ òun, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn aláìsàn á máa kùn, àwọn mìíràn á bú u, káfíńtà kan tiẹ̀ bọ́ bàtà fi lu ilẹ̀ nígbà kan. Á rẹ́rìn-ín, á sì ti gíláàsì ojú rẹ̀ bọ àpò. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó fi ń fìyà jẹ aláìsàn tó báyìí. Ó wò mí bí ẹni pé èmi gan-an lara mi ò yá.

"Ọmọ mi, ẹni tí ayé sú kì í ronú ọdún tó ń bọ̀," ló wí. "Ọ̀la gan-an jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ó lè máa wù ú láti mọ ohun tó wà lójú ewé tó kàn. Ojú ewé yẹn ni mo fi ń dì í mú. Tó bá tún di Ọjọ́rú, màá fún un ní òmíràn."

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé ìwé ń ṣiṣẹ́ oògùn. Ẹni tí kò bá tíì lo oògùn ọ̀sán rẹ̀, kò ní jẹ́ kó jókòó. Nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù náà sọ fún mi pé Ọjọ́rú nìkan ni òun kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà lórí oògùn. Ó ní àwọn tó ń gbọ́ ìtàn ń sùn, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lórí ta ló jẹ̀bi nínú ìtàn, èyí tó sàn ju kí kálukú máa bá ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́ jiyàn lọ. Iṣẹ́ tí kò sí lórí ìwé nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe mọ gbogbo èyí? Àbúrò mi wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá, ẹ má bojú wẹ̀yìn, mo ti fi í pamọ́ pẹ́ jù. Aago ló ń tún ṣe. Ó lè tú aago ọwọ́ palẹ̀ lórí aṣọ funfun, kó sì tò ó padà láìsí pé abẹ́rẹ́ kan ṣẹ́ kù. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó tú aago oníbàárà kan, kò sì tò ó padà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó tì í. Láti ọjọ́ kẹta yẹn ni kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Fún oṣù mẹ́rìnlá, a ò gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, a ò gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọn ò sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ṣe. Màá lọ wò ó ní gbogbo Ọjọ́rú, màá bá a sọ̀rọ̀ títí, màá máa dá ara mi lóhùn, màá sì darí sílé.

Ìtàn tí ìyá ń kà nígbà náà jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ ojú irin. Ìwé náà nípọn, ó tó ohun téèyàn ń fi ṣe ìrọ̀rí. Ọjọ́ kan, ọkọ̀ dé ẹnu afárá nínú òjò, awakọ̀ yọrí, ó rí i pé òpó afárá ń mì. Ìyá pa ìwé dé. Ariwo àga àti ìkùnsínú gba gbogbo yàrá, bó ṣe máa ń rí. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohùn tó ti há bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé ó máa sọdá?"

Àbúrò mi ni. Mo di àga mú. Nọ́ọ̀sì dúró sójú kan pẹ̀lú abọ́ oògùn lọ́wọ́. Ìyá nìkan ni kò ṣe bí ẹni pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

"Èmi náà ò mọ̀, ọmọ mi," ló wí. "Ọjọ́rú la máa mọ̀. Ṣé wàá wà níbẹ̀?"

"Màá wà níbẹ̀."

Irọ́ ni ìyá pa o. Ó kúkú mọ̀. Ó ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i nílé. Mo sunkún lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà bí ọmọdé, ojú ò sì tì mí. Láàárín oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá káfíńtà jiyàn. Ó ní kí n mú dírọ́fà kékeré tí òun fi ń tú aago wá. Ó sọ aago ara ògiri wọ́ọ̀dù kalẹ̀, èyí tó ti kú kí wọ́n tó gbé òun débẹ̀, ó sì jí i. Dókítà bá mi sọ ọ́ pé bó bá ń bá a lọ báyìí, yóò máa bọ̀ nílé kí ọdún tó parí. Mo lọ tún yàrá rẹ̀ kùn.

Ní báyìí, mo ti dé ibi tó ń dùn mí, nítorí ọwọ́ mi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí iná jó ọ́fíìsì ìjọba kan, mo kọ̀wé sínú abala ìwé ìròyìn yìí kan náà. Mo bínú, mo sì mọ̀ ọ́n kọ. Mo ní gbogbo ilé ìjọba ló kún fún ìwé tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, pé lọ́jọ́ tí iná bá sọ, a ò ní rí ẹni tí a máa bi. Ẹ yìn mí, ẹ kọ lẹ́tà, mo gé e, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ṣé ẹ mọ ẹlòmíràn tó gé e? Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde, ó fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tó lè tètè gbiná kúrò ní wọ́ọ̀dù.

Kí lẹ rò pé ó lè tètè gbiná ní wọ́ọ̀dù? Wọn ò fọwọ́ kan tìmùtìmù. Wọn ò fọwọ́ kan aṣọ fèrèsé. Irinwó ìwé ìtàn tí alágbàfọ̀ kan tọrọ láti ojúlé dé ojúlé fún ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n dì sínú àpò, tí wọ́n wọ́ lọ sí ilé ìkẹ́rù. Mo lọ wo ilé ìkẹ́rù náà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúnáwá ló wà, dírọ́ọ̀mù epo dísẹ̀lì mẹ́rin sì tò síbẹ̀. Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Àwa bẹ́ orí, a tún lọ gbé orí náà sítòsí iná.

Bí ìwé ṣe lọ, yàrá ìkàwé wọ́ọ̀dù, níbi tí ìyá ti ń kàwé fún wọn, di títì pa. Bí yàrá ṣe di títì pa, ìyá kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, wọ́n sì sọ fún aṣọ́nà pé ẹni tí kò níṣẹ́, tí kò sì wá wo ẹbí rẹ̀, kò gbọdọ̀ wọlé. Aṣọ́nà tó ti ń kí i láti ọjọ́ tó ti pẹ́ dúró bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún lọ́jọ́ náà, kò lè wo ojú rẹ̀. Mo bẹ ìyá pé kó jẹ́ kí n sọ pé ìyá mi ni. Ó ní rárá o, òun ò ní fi irọ́ wọ ibi tí òun ti fi òótọ́ wọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù náà kọjú sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tó wà lóde ọgbà. Fèrèsé ibẹ̀ ga, àwọ̀n irin sì wà lójú rẹ̀. Ìwé awakọ̀ ojú irin nìkan ni wọn ò rí kó, torí pé ilé ìyá ló wà. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, láago mẹ́rin, a ṣàdédé gbọ́ ohùn rẹ̀ látìta. Ó ti gbé àpótí onígi wá láti ilé, ó gùn ún kí orí rẹ̀ lè tó ojú àwọ̀n, ó sì ń pariwo kàwé kí wọ́n lè gbọ́ ọ nínú. Àwọn aláìsàn sáré gbé àga wọn sábẹ́ fèrèsé. Àwọn tó ń kọjá lóde rò pé ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn ló sá jáde. Ẹnì kan fún un ní búrẹ́dì, ó dúpẹ́, ó jẹ ẹ́, ó sì ń ka ìwé rẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú mọ́kànlá ló fi dúró lórí àpótí yẹn. Ní ìkẹsàn-án, òjò bẹ̀rẹ̀. Ní ìkẹwàá, ó ń wúkọ́. Ní ìkọkànlá, ikọ́ ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ní ìlà kọ̀ọ̀kan, omi ń ṣàn láti orí rẹ̀ sínú ìwé. Ibo ni mo wà? Mo wà nínú ilé gbígbẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi, mò ń gbádùn ìtàn. Awakọ̀ ti padà dé ilé tó ti fi sílẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kan ilẹ̀kùn. Ìyá ní ó ku díẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, tó ń mí gúlegúle. Mo ní màá mú agbòjò wá ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà nígbà mẹ́ta láàárín àkókò yẹn, èmi tí wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n kọ. Kò fèsì. Kí ló dé tí mi ò kọ ọ́ síbí, níbi tí gbogbo ayé á ti rí i? Torí pé màá ní láti sọ pé àbúrò mi wà ní ilé wèrè, bí ẹ̀yin àti èmi ṣe máa ń pè é. Mo gba ìtìjú láàyè, obìnrin kan sì dúró nínú òjò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tó ti kú. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, mo wọ wọ́ọ̀dù, mo bá aláìsàn mẹ́rìnlá tó tò sábẹ́ fèrèsé, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń dúró. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìyá ti kú. Mo pe nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní àṣẹ wá láti òkè pé wọn kì í kéde ikú ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ fún aláìsàn, kí ọkàn wọn má bàa dà rú. Kí ọkàn wọn má bàa dà rú! Àwọn tó ti yàrá pa, tó kó ìwé lọ, tó lé ìyá sẹ́yìn ọgbà, ọkàn aláìsàn ló wá ń ká wọn lára.

Àbúrò mi bi mí pé ìyá dà. Mo ní ó rìnrìn àjò. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀lẹ máa ń sọ ni, mo sì sọ ọ́.

Ọmọ ìyá gbé ìwé náà fún mi. Ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n àwọn ojú ewé ẹ̀yìn ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, bí mo ṣe ń ṣí wọn ni wọ́n ń ya. Mo wá ìwé náà káàkiri lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, wọ́n ní wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo pinnu pé màá kà á fún wọn, màá sì fi ọgbọ́n orí mi parí ibi tó ya. Iṣẹ́ mi kọ́ ni? Mo jókòó láàárín wọn, mo kà á dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo wá ń bá a lọ látinú orí ara mi. Mo ní ìyá awakọ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó sì dì mọ́ ọn. Àbúrò mi gbọ́ bí ìlà mẹ́ta.

"Ìwọ kọ́," ló wí, ó sì yíjú sí ògiri.

Ní Ọjọ́rú kẹta, ó ní ìyá máa dé. Ní ìkẹrin, kò sọ nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé àga rẹ̀ kúrò lábẹ́ fèrèsé, ó dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Aago ara ògiri ti kú, kò sì wò ó. Dókítà ní ká má tíì sọ̀rọ̀ ilé báyìí. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀? Ó gbà pé ìyá já òun sílẹ̀. Ẹni tó kú nítorí rẹ̀, òun ló rò pé ó fi òun sílẹ̀ lọ láìdágbére, èmi tí mo sì lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ẹnu mi ò gbé e. Mo ti dé iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láti sọ ọ́. Mo máa ń béèrè bóyá ó ti jẹun.

Mo rí ọ̀gá àgbà lójúkojú níkẹyìn. Ó ní kí n jókòó, ó kí mi dáadáa. Ó ní àwọn ò lé ẹnikẹ́ni, pé iṣẹ́ tí kò sí lórí ìwé, kò sí bí wọ́n ṣe lè sọ pé àwọn dá a dúró. Ó wá nawọ́ sí pátákó tó wà lẹ́yìn mi, níbi tí ọ̀rọ̀ mi ti pọ́n dòdò lábẹ́ ìlà gègé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣáà kọ ọ́, sà." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jáde. Ọmọ aráyé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí tèmi, mi ò ní fà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í ní ìka kan ṣoṣo. Ta ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó ìwé lọ sídìí epo? Ta ló sọ fún aṣọ́nà pé kó dá ìyá padà? Ta ló rí arúgbó lórí àpótí láti fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, Ọjọ́rú mọ́kànlá, tó fa kọ́tìnì bò ó? Àwọn wọ̀nyí ní orúkọ, orúkọ wọn sì wà lórí ìwé. Kí àwọn tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn náà kéde wọn. Kí wọ́n ṣí yàrá náà. Kí wọ́n pa iṣẹ́ alágbàfọ̀ tó wà níwájú orúkọ ìyá rẹ́, kí wọ́n kọ iṣẹ́ tó ṣe síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ojú lọ̀rọ̀ wà. Mi ò fẹ́ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn, mi ò sì fẹ́ ìkéde lára pátákó. Mo fẹ́ kí ọ̀gá àgbà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ wọ́ọ̀dù náà, kó gbé àga, kó jókòó síwájú àbúrò mi àti àwọn mẹ́tàlá yòókù, kó sọ fún wọn pé obìnrin tí wọ́n ń dúró dè ti kú, kó sọ bó ṣe kú, àti ẹni tó lé e sínú òjò. Èmi ò lè sọ ọ́. Òun ni kó sọ ọ́. Tó bá sọ ọ́ tán, kó má dìde, títí ọ̀kan nínú wọn á fi dá a lóhùn.